Ta Ló Yá Wọn Lówó? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Hedge Fund àti Ọjà Owó Tó Ń Mì Tìtì

Ẹ̀yin alága ìjókòó, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ àlájẹṣẹ́kù wa, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa kí ẹ tó wá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn tí ẹ ń wo iye dọ́là lórí fóònù bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, gbogbo yín ni mo kí. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru, ẹ sì kú ìfaradà jẹnẹrétọ̀.

Akọ̀wé wa ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn hedge fund àti ipa tí wọ́n ń kó nínú rúkèrúdò ọjà owó àgbáyé. Nígbà tó pè mí, mo ní, "Akọ̀wé, ṣé ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn èèyàn wa?" Ó ní, "Bàbá, gbogbo ìgbà tí náírà bá já wálẹ̀ ni wọ́n ń sọ níbí pé àwọn olówó òkè òkun ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ wá sọ fún wa bóyá òótọ́ ni."

Ó dáa. Èsì tí mo mú wá rèé. Bí ọjà owó bá dojú dé, ohun tí gbogbo èèyàn máa ń béèrè ni pé, "Ta ló ta tẹ́tẹ́?" Wọ́n á wá olówó kan, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, wọ́n á gbé e ṣépè. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀. Tèmi ni pé: ta ló yá a lówó tó fi ta tẹ́tẹ́ náà? Ẹ bá mi fi ìbéèrè yìí sọ́kàn, nítorí n ó máa padà sí i títí ẹ ó fi sú.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Hedge fund jẹ́ àpò owó kan tí àwọn olówó ńlá àti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá dá jọ, tí wọ́n gbé lé ọwọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ pé kó máa fi pa èrè fún wọn. Mẹ̀kúnnù kì í débẹ̀, òfin kò tilẹ̀ gbà á láàyè ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Nítorí pé olówó ló wà níbẹ̀, àwọn aláṣẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ dí wọn lọ́wọ́. Wọ́n lè ra ohunkóhun, wọ́n lè ta ohunkóhun, wọ́n sì lè yá owó tó bá wù wọ́n. Ẹni tó ń bójú tó àpò náà sábà máa ń gba ìdá 2 nínú 100 owó náà lọ́dọọdún, èrè wà o, èrè ò sí o. Lẹ́yìn náà yóò tún gba ìdá 20 nínú 100 èrè tó bá jẹ. Bí ó bá wá pàdánù ńkọ́? Owó olówó ni. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí ẹ rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin tí wọ́n sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni Alfred Winslow Jones, ní New York, lọ́dún 1949. Ó kó 100,000 dọ́là jọ, 40,000 nínú rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀. Ó máa ń ra ìpín ilé iṣẹ́ tó gbà pé ó dára. Ní ti ilé iṣẹ́ tó gbà pé kò dára, ó máa ń yá ìpín rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, á tà á lónìí, á sì dúró dìgbà tí owó rẹ̀ bá já wálẹ̀. Nígbà náà ni yóò rà á padà ní pọ́ọ́kú, tí yóò dá a fún oní-nǹkan, èrè àárín rẹ̀ á di tirẹ̀. Ọjà ìbáà gòkè, ìbáà sọ̀ kalẹ̀, apá kan á gbè é. Ààbò ni Jones ń wá. Àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan: Jones náà yáwó kún owó rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní ni gbèsè ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọjọ́rú tí pọ́n-ùn ṣubú

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London ní 1992 tàbí tí ẹ ní ẹbí níbẹ̀, ẹ ó rántí ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án. Ìjọba Bìrìtìkó ti ṣèlérí fún àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù yòókù pé òun kò ní jẹ́ kí pọ́n-ùn já wálẹ̀ kọjá ibì kan sí owó Jámánì. George Soros, ẹni tó ni Quantum Fund, wò ó pé ìlérí yìí kò lè dúró, ó sì ta pọ́n-ùn tó tó bílíọ̀nù 10 dọ́là, èyí tí kò ní, tó yá. Òun nìkan kọ́. Àwọn báńkì àti àwọn hedge fund mìíràn tà pẹ̀lú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìjọba gbé èlé láti ìdá 10 lọ sí 12 nínú 100. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, wọ́n kéde pé yóò di 15. Ẹ bá mi ro ti ẹni tó ń san owó ilé fún báńkì! Títà kò dúró. Ní ìrọ̀lẹ́, Norman Lamont, mínísítà ètò ìnáwó, jáde sí iwájú àwọn oníròyìn, ó sì kéde pé Bìrìtìkó ti kúrò nínú àdéhùn náà. Soros lọ sílé pẹ̀lú èrè tó tó bílíọ̀nù kan dọ́là.

Ṣé Soros ló ba pọ́n-ùn jẹ́? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ní bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ̀ ọ́. Iye tí ìjọba náà dúró lé kì í ṣe iye tí ọrọ̀ ajé wọn lè gbé nígbà yẹn, Soros kàn rí ihò náà ṣáájú ni. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni bí ó ṣe yá tó: láàárín àárọ̀ sí alẹ́, ìjọba ńlá kan juwọ́ sílẹ̀. Owó tí wọ́n yá ló jẹ́ kó yá bẹ́ẹ̀. N kò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí ìtàn tí mo wá sọ gan-an ń bọ̀.

Àwọn ọlọ́gbọ́n Greenwich

Lọ́dún 1994, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Meriwether, tó ti jẹ́ ọ̀gá ńlá ní báńkì Salomon Brothers tẹ́lẹ̀, dá hedge fund kan sílẹ̀ ní Greenwich, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Orúkọ rẹ̀ ni Long-Term Capital Management. LTCM ni gbogbo èèyàn ń pè é. Bí o kò bá ní mílíọ̀nù 10 dọ́là, má wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn wọn. Ta ló wà níbẹ̀? Myron Scholes wà níbẹ̀. Robert Merton wà níbẹ̀. David Mullins, tó ti jẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1997, wọ́n fún Scholes àti Merton ní ẹ̀bùn Nobel lórí ìmọ̀ ọrọ̀ ajé. Ẹ ò rí i pé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe èèyàn yẹpẹrẹ.

Kí ni wọ́n ń tà? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí tí ẹ bá mọ ọ̀kan, ẹ ti mọ gbogbo rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà máa ń ta bọ́ǹdì ọlọ́gbọ̀n ọdún. O yá ìjọba lówó, ìjọba ń fún ọ ní èlé, ọgbọ̀n ọdún pé, ó dá owó rẹ padà. Bọ́ǹdì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tà, gbogbo ayé ló ń wá a, nítorí náà ó máa ń wọ́n díẹ̀. Èyí tí wọ́n tà ní bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ìjọba kan náà ló fọwọ́ sí i, ìlérí kan náà ló wà lórí rẹ̀, síbẹ̀ owó rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ti tuntun. Àwọn ará Greenwich á ra ti àtijọ́. Wọ́n á yá ti tuntun, wọ́n á tà á. Wọ́n á wá jókòó. Tó bá yá, tuntun náà á di àtijọ́, àlàfo àárín méjèèjì á dí, èrè á sì wọlé.

Ṣé iṣẹ́ burúkú nìyẹn? Rárá. Ṣé ó léwu? Bí ẹ bá wò ó lásán, kò léwu rárá. Wàhálà rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé èrè inú rẹ̀ kéré. Kọ́bọ̀ ni lórí náírà. Báwo lèèyàn ṣe ń fi kọ́bọ̀ di olówó rẹpẹtẹ? Ó gbọ́dọ̀ yáwó. Ó gbọ́dọ̀ yáwó gan-an ni!

Wọ́n sì yá a. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1998, owó tó jẹ́ ti LTCM kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.7 dọ́là lọ. Gbèsè tó wà lọ́rùn wọn tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 125. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Fún dọ́là kan tó jẹ́ tiwọn, dọ́là tó lé ní 25 jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí iye gbogbo ọjà tó wà lọ́wọ́ wọn bá fi ìdá 4 péré nínú 100 wálẹ̀, owó tiwọn ti tán. A ò tíì ka àwọn àdéhùn mìíràn tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀ tó ju tírílíọ̀nù kan dọ́là lọ lórí ìwé.

Ta ló yá wọn lówó? Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn yín. Àwọn báńkì ńlá Wall Street, ìyẹn àdúgbò àwọn olówó ní New York, àti ti Yúróòpù ni. Wọ́n ń sáré yá wọn ni. Sogúndogójì tó wà ní àdúgbò yín, tó bá fẹ́ yá ọ ní 100,000 náírà, yóò gba ohun tó ju 100,000 lọ dání. Àwọn báńkì wọ̀nyí kì í sábà béèrè pé kí LTCM fi nǹkan lé ìdógò tí wọ́n mú wá. Kí nìdí? Nítorí pé ẹni tó gba Nobel ló wá yáwó. Nítorí pé wọ́n ti rí èrè: ó lé ní ìdá 40 nínú 100 lọ́dún 1995, ó tún lé ní 40 lọ́dún 1996. Báńkì kọ̀ọ̀kan mọ iye tí òun yá wọn. Kò sí èyí tó mọ àpapọ̀.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí Rọ́ṣíà fi dé. Ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 1998, ìjọba Rọ́ṣíà dín iye owó wọn kù, wọ́n sì ní àwọn ò lè san gbèsè bọ́ǹdì wọn mọ́. Kí ló kan bọ́ǹdì Amẹ́ríkà nínú ìyẹn? Ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù ba àwọn olówó àgbáyé, gbogbo wọn sì sá lọ síbi ohun tó dájú jù tó sì yá tà jù, ìyẹn bọ́ǹdì tuntun. Tuntun wá gbówó lórí sí i. Ti àtijọ́ kò lọ́jà mọ́. Àlàfo tó yẹ kó máa dí bẹ̀rẹ̀ sí fẹ̀. Kì í sì í ṣe ní Amẹ́ríkà nìkan. Ní gbogbo ibi tí wọ́n ti dá irú òwò yìí káàkiri ayé, kò síbi tí àlàfo náà ò ti ń fẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 21 oṣù náà, wọ́n pàdánù ohun tó ju mílíọ̀nù 500 dọ́là lọ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí oṣù fi máa parí, bílíọ̀nù 4.7 yẹn ti di nǹkan bíi 2.3.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù nìyí. Bí o bá fi owó ara rẹ ra nǹkan, tí iye rẹ̀ já wálẹ̀, o lè jókòó tì í. O lè ní, "N kò tà, yóò padà gòkè." Àwọn ọlọ́gbọ́n yìí tilẹ̀ jàre o: ọ̀pọ̀ nínú àlàfo wọ̀nyẹn padà dí nígbà tó yá. Àmọ́ owó èlé kì í jẹ́ kéèyàn jókòó. Bí nǹkan bá ṣe ń já wálẹ̀ ni ẹni tó yá ọ lówó ń pè ọ́ pé, "Wá fi owó kún ìdógò rẹ, lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú." O ò ní owó lọ́wọ́, wàá ta lára ọjà rẹ. Bí o ṣe tà á, iye rẹ̀ tún já sí i. Èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ náà já. Wọ́n tún pè ọ́. Gbogbo àwọn tó ti wo LTCM ṣe, títí kan àwọn báńkì fúnra wọn, ní irú ọjà kan náà lọ́wọ́, àwọn náà ń tà. Ta ni kó wá rà á?

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, báńkì àpapọ̀ ẹ̀ka New York pe àwọn ọ̀gá báńkì ńláńlá jọ sí gbọ̀ngàn wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Warren Buffett, gbajúmọ̀ olówó Amẹ́ríkà, pẹ̀lú báńkì Goldman Sachs àti ilé iṣẹ́ adójútòfò AIG, ti fi ìwé ránṣẹ́ sí Meriwether pé àwọn máa fi mílíọ̀nù 250 dọ́là ra gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, àwọn á sì da bílíọ̀nù mélòó kan sí i. Buffett wà ní ìsinmi ní Alaska nígbà náà o, orí fóònù tí kò gbọ́ràn dáadáa ló ti ń dúnàá dúrà. Wọ́n fún Meriwether ní nǹkan bíi wákàtí kan láti dáhùn. Wákàtí náà kọjá, kò ṣeé ṣe. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi mílíọ̀nù 250 rà yìí, bílíọ̀nù 4.7 ló jẹ́ ní oṣù Kíní!

Nínú gbọ̀ngàn ńkọ́? Àwọn ọ̀gá báńkì jókòó, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Bí LTCM bá ṣubú, gbogbo wọn á máa rọ́ ìdógò rẹ̀ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan náà, iye gbogbo nǹkan á wó, wọ́n á sì wó pẹ̀lú rẹ̀. Àṣé owó tiwọn gan-an ni wọ́n wá dóòlà. Báńkì 14 gbà láti dá bílíọ̀nù 3.6 dọ́là jọ, wọ́n sì gba ìdá 90 nínú 100 ilé iṣẹ́ náà. Ìjọba kò fi kọ́bọ̀ síbẹ̀. Báńkì Bear Stearns wà lára àwọn tó kọ̀. Wọ́n ní àwọn ò dá. Ẹ jẹ́ kí orúkọ yẹn wà létí yín, n ó tún dárúkọ rẹ̀.

Báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà gé èlé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, kí ọjà tó rọlẹ̀. Àwọn Yorùbá ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ilé iṣẹ́ kan ní Greenwich ló jẹ kòkòrò, gbogbo Wall Street ni kò sùn.

Ṣé wọ́n kọ́gbọ́n?

Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Ní oṣù Keje ọdún 2007, hedge fund méjì tó wà lábẹ́ Bear Stearns, tó fi owó èlé ra bọ́ǹdì tí wọ́n fi gbèsè owó ilé gbé dúró, wó lulẹ̀ pátápátá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2008, Bear Stearns fúnra rẹ̀ kò lè dá dúró mọ́. JPMorgan ló rà á, wọ́n kọ́kọ́ dá 2 dọ́là fún ìpín kan, wọ́n padà sọ ọ́ di 10. Ẹni tó ní òun ò dá lọ́dún 1998!

Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́. Àwọn hedge fund kọ́ ló fa ìṣòro ọjà owó àgbáyé ti 2008 gan-an. Àwọn báńkì ló fà á, nítorí àwọn náà ti ń yáwó bí hedge fund. Lehman Brothers, kó tó ṣubú, ní nǹkan bí ọgbọ̀n dọ́là ọjà fún dọ́là kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ wo LTCM lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ sọ fún mi èwo ló burú jù.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ òde òní. Oṣù Kẹta ọdún 2021. Bill Hwang, ọkùnrin kan ní New York, ń bójú tó owó ara rẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ kan tó pè ní Archegos. Kí n sọ ọ́ dáadáa: lójú òfin, owó ìdílé ni wọ́n kà á sí, kì í ṣe hedge fund, ṣùgbọ́n bí hedge fund ló ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́. Kò ra ìpín fúnra rẹ̀. Ó ń bá àwọn báńkì ṣàdéhùn pé kí báńkì ra ìpín náà sọ́wọ́: bó bá gòkè, èrè ti Hwang ni, bó bá já, Hwang á san àfikún. Nítorí náà orúkọ rẹ̀ kò hàn níbìkankan. Credit Suisse bá a ṣe é. Nomura bá a ṣe é. Morgan Stanley bá a ṣe é. Goldman Sachs bá a ṣe é.

Ìyá kan wà ní ọjà Bódìjà tó ń ta ata. Ó gba owó gbọ́mú-lé-lántà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ kìíní rò pé òun nìkan ló yá a. Ìkejì rò bẹ́ẹ̀. Ìkẹta rò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mótò ata dànù lọ́nà Jẹ́bbà ni àwọn agbowó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé ara wọn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Archegos nìyẹn, àwọn bílíọ̀nù ló kàn fi yàtọ̀. Nígbà tí ìpín ViacomCBS, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan tí Hwang ti ta tẹ́tẹ́ lé lórí, já wálẹ̀, gbogbo báńkì pè é lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì rówó san. Àwọn tó tètè tà rí ara wọn gbà. Credit Suisse pẹ́, ó pàdánù ohun tó lé ní bílíọ̀nù 5 dọ́là. Iye tí Credit Suisse ń rí gbà lọ́wọ́ Archegos lọ́dún kan kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 17 dọ́là lọ. Mílíọ̀nù 17 ni wọ́n ń jẹ, bílíọ̀nù 5 ni wọ́n pàdánù! Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, báńkì UBS gbé Credit Suisse, báńkì tó ti lé ní 160 ọdún, mì. Ní 2024, ilé ẹjọ́ ní Hwang jẹ̀bi jìbìtì, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún 18.

Ti 2020 ńkọ́? N kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ọgbọ́n àlàfo tóóró ti Greenwich náà ni: lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ra bọ́ǹdì ìjọba Amẹ́ríkà, wọ́n sì ta àdéhùn bọ́ǹdì ti ọjọ́ iwájú, ìyẹn àdéhùn láti kó bọ́ǹdì fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ iwájú ní iye tí wọ́n ti dá lónìí, owó èlé sì ni wọ́n fi ṣe é. Kòrónà dé ní oṣù Kẹta, ẹ̀rù bọ́lẹ̀, àlàfo fẹ̀, wọ́n ń tà. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà ń ta bọ́ǹdì Amẹ́ríkà tó wà lọ́wọ́ wọn, kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru hedge fund. Bọ́ǹdì ìjọba Amẹ́ríkà, ohun tí gbogbo ayé ń sá di, kò rọrùn láti tà mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Láàárín nǹkan bí oṣù kan, báńkì àpapọ̀ wọn ra èyí tó ju tírílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Lọ́dún 1998, àwọn báńkì ló dá owó. Lọ́dún 2020, ìjọba ló ná an.

Ìdí tí n kò fi ní kí a lé wọn

Àwọn kan níbí á ti máa sọ nínú ara wọn pé, "Kí wọ́n kúkú ti wọ́n pa." Rárá o. Ẹ gbọ́ ìtàn Wirecard, ilé iṣẹ́ ìsanwó ní Jámánì. Àwọn tó ń yá ìpín tà, ọ̀pọ̀ nínú wọn hedge fund, ń pariwo pé ìwé owó ilé iṣẹ́ náà kò pé. Kí ni àjọ tó ń ṣàmójútó ọjà owó ní Jámánì ṣe? Ní oṣù Kejì ọdún 2019, wọ́n fòfin de ẹnikẹ́ni láti yá ìpín Wirecard tà fún oṣù méjì. Wọ́n gbè sẹ́yìn ilé iṣẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, Wirecard fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ó ṣeé ṣe kí bílíọ̀nù 1.9 owó yúrò tó wà nínú ìwé wọn má sí níbì kankan. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó kógbá sílé. Ta ló ti rí i ṣáájú? Àwọn tí wọ́n fòfin dè.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fi owó ara rẹ̀ sọ pé nǹkan kan kò dára, ẹ jẹ́ kó wí. Ọjà nílò irú wọn.

Àwa náà ńkọ́?

Ẹ ti ń retí ibí yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà tó ní 2007 á rántí. Ta ni kò ra ìpín báńkì? Olùkọ́ rà á, awakọ̀ rà á, àwọn kan ta ilẹ̀ rà á. Ní oṣù Kẹta ọdún 2008, atọ́ka ọjà ìpín ìdókòwò ní Èkó gun ju 66,000 lọ. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Wọ́n ní àwọn olówó òkèèrè ló kó owó wọn lọ. Òótọ́ ni pé wọ́n kó o lọ: ilé wọn ń jó, wọ́n nílò omi. Àmọ́ ta ló yá àwọn ọmọ wa lówó tí wọ́n fi ń ra ìpín tó ti wọ́n kọjá agbára wọn? Àwọn báńkì wa ni. Báńkì mìíràn tilẹ̀ yá èèyàn lówó láti fi ra ìpín báńkì yẹn gan-an. Ní 2009, Sanusi Lamido Sanusi, gómìnà CBN nígbà náà, yọ àwọn ọ̀gá báńkì mélòó kan nípò, lọ́dún 2010 sì ni wọ́n dá AMCON sílẹ̀ láti ra àwọn gbèsè tó ti bàjẹ́. Gbèsè yẹn kò tíì kúrò lọ́rùn wa tán.

Ti náírà tí akọ̀wé béèrè ńkọ́? Èsì mi kò ní dùn mọ́ gbogbo èèyàn. Kó tó di 2020, CBN ń fi èlé gọbọi fa owó àlejò wọlé, kí náírà lè dúró. Àlejò wọlé nítorí èlé, kò wọlé nítorí ìfẹ́. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lọ́dún 2020, wọ́n ní kí a dá dọ́là àwọn padà. Dọ́là kò sí. Wọ́n to sórí ìlà. Ẹ̀yin ẹ pè wọ́n ní ọ̀tá tó bá wù yín, mo gbà. Ṣùgbọ́n àwa ló yáwó lọ́wọ́ wọn fún oṣù mélòó kan láti fi gbé ìlérí ọlọ́dún gbọọrọ dúró.

Kí ni mo fẹ́ kí àwọn aláṣẹ ṣe? Lójú tèmi, kí wọ́n fi hedge fund sílẹ̀ kí wọ́n dojú kọ ẹni tó ń yá wọn lówó. Kí ìdógò ní iye tí kò gbọ́dọ̀ dín, ẹni tó gba Nobel ìbáà wá yáwó. Kí báńkì tó bá fẹ́ yá ẹnì kan lówó ńlá lè mọ iye tí onítọ̀hún ti jẹ lápapọ̀ níbòmíràn. Lẹ́yìn 2008, Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí àwọn hedge fund ńlá máa jábọ̀ fún ìjọba. Ó dára, ṣùgbọ́n ìjọba ló ń gba àbọ̀ náà, báńkì tó ń yáni lówó kì í rí i. Archegos tilẹ̀ jẹ́ owó ìdílé, kò sí lábẹ́ òfin ìjábọ̀ yẹn rárá.

Ṣé wọ́n á ṣe é? Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ Meriwether ṣe parí. LTCM palẹ̀ mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000. Kó tilẹ̀ tó palẹ̀ mọ́, ní 1999, ọkùnrin náà ti dá hedge fund tuntun sílẹ̀, JWM Partners, àwọn kan nínú àwọn èèyàn rẹ̀ àtijọ́ sì bá a lọ. Nígbà tí 2008 dé, ó pàdánù púpọ̀, ó tì í pa ní 2009. Ní 2010, ó dá ìkẹta sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ó rí olówó tó gbé owó lé e lọ́wọ́, ó sì rí báńkì tó yá a kún un.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀. Alága, mo rò pé àyè ìbéèrè kù díẹ̀. Ìyá tó nawọ́ lápá ọ̀tún yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ fún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹ̀yìn, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ béèrè: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé ìpín wo ni kí ẹ rà.